Ojú Lèmọ́mù Búráímọ̀

Àpótí ti balẹ̀ sí àgbàlá kí Àǹtí Múníra tó pariwo tán. Ọ̀já tó wà lọ́rùn ọwọ́ Lèmọ́mù Búráímọ̀ ló pè é. Kò sí ará Òkè-Àánú tí wọn ò so irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, bí ọkàn ẹni bá sì ti dáwọ́ dúró, ọ̀já ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ẹbí á ṣì máa gbọn òkú jìgìjìgì, wọ́n á máa fi orúkọ pè é, ìjọba á ti gbọ́.

Sìfáwù ò tíì kúrò lórí ẹní tó fi kírun àsùbáà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bàbá kírun tán, ó ní kí òun fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti dàgbà, ó ti gbó, kò sì jẹ̀rora. Àwọn èèyàn á máa sọ èyí fún Sìfáwù títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, bí ẹni pé ó yẹ kó dúpẹ́. Kò rí ọpẹ́ kankan nínú ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, inú rẹ̀ sì ṣófo.

Àpótí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn wọ yàrá, ó funfun, ó ń mí èémí tútù.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi."

"Má fọwọ́ kàn án!" Àǹtí Múníra fi gbogbo ara bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àbúrò Lèmọ́mù ni, àwọn méjèèjì ló kù nínú ọmọ ìyá wọn, ní báyìí ó wá ku òun nìkan. "Múṣùlùmí òdodo ni! Ẹ fẹ́ lọ fi Lèmọ́mù ṣe omi tí ẹ ń bu sí oko ẹ̀gẹ́! Ẹni tó yẹ ká ti wẹ̀, ká fi aṣọ funfun wé, kó ti wọlẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀!"

Àpótí ò bá a jà. Irú àwọn nǹkan yìí kì í bínú, ìyẹn gan-an ló burú nínú wọn. Ó dúró títí apá ìyá àgbàlagbà náà fi rọ, ó wá gbé Lèmọ́mù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ju bí ọmọ èèyàn ì bá ṣe gbé e lọ, ó tẹ́ ẹ sínú òtútù, ó sì fi gíláàsì bò ó. Ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ilé Omi ni à ń lọ," àpótí wí. "Bí ẹbí bá ní ọ̀rọ̀, mo lè dúró di àláásárì."

"A ní ọ̀rọ̀," Sìfáwù sọ kíákíá. Kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ tó ní. Ohun tó mọ̀ kò ju pé láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó, tí gbogbo ayé sì ti gun òkè wá bá wọn, ilẹ̀ tó kù ti di ti oúnjẹ. Ọdún kọjá ọdún, kò sí ẹni tó tún rí sàréè tuntun ní Òkè-Àánú, àfi ti àwọn ẹni ìran.

Kò pẹ́ tí Lásísì fi dé. Láti Ilé Eré ló ti wá, ó wọ ẹ̀wù atura wọn, èyí tó ní okùn búlúù tí í mú ara tutù nínú ooru, kódà lójú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí ojú tó wà lábẹ́ gíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún àwòrán o. Ọmọ kéú Lèmọ́mù ni, nínú yàrá yìí kan náà ló ti kọ́ álífù àti báà, wàláà rẹ̀ máa ń dọ̀tí ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Lèmọ́mù ò sì nà án rí.

"Àfáà wa lọ," ó wí. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Àǹtí Sìfáwù, Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín," Sìfáwù dáhùn. "Lásísì, ṣé ìwọ lo fẹ́ sìn wọ́n, àbí Ilé Eré ló rán ọ?"

Ojú tì í. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní. "Méjèèjì ni, Àǹtí mi."

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, àlejò ni ní Òkè-Àánú. Lọ́dọọdún, bí ọ̀sẹ̀ ọdún Olùtọ́jú, olórí ìlú, bá ti dé, ògiri gbogbo ilé á tàn, wọ́n á sì máa fi *Ọjọ́ Àdúrà Kan* hàn láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Ó dára púpọ̀, ká má purọ́. Èèyàn á rí Èkó bó ṣe rí kó tó wọ omi, á rí àwọn èèyàn tó ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, á rí Olùtọ́jú àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ọ́, arẹwà ọkùnrin, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín omi mímu. Gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà ló ti gbé ayé rí. Awò, ẹ̀rọ Ilé Eré, ló ń ṣe é: ojú òkú fúnra rẹ̀, ohùn òkú fúnra rẹ̀. Òfin ò gbà kí wọ́n lo ojú alààyè. Ìdí nìyí tí ará ìlú fi gbà á gbọ́. Ta ni yóò ní ìyá òun ń purọ́ lójú òun?

Ní òpin eré náà, gbogbo ilé ìsìn ìlú á gba àdúrà kan ṣoṣo tí orúkọ Olùtọ́jú wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì á gbà á, àwọn oníṣẹ̀ṣe á gbà á. Wọ́n á wá mú èèyàn wọ mọ́ṣáláṣí ńlá, Lèmọ́mù á wà lórí mínbárì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn. Láwàní, ọrùn àti èjìká. Ohùn ẹlòmíràn ló máa ń ti ibẹ̀ jáde. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i, nítorí ẹni tó ni ojú yẹn ṣì wà láàyè, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíyan lórí ẹní, ó sì ń wo ara rẹ̀ lórí ògiri.

"Ọrùn mi ò tóbi tó yẹn," Lèmọ́mù máa ń wí. "Wọ́n lọ yá ọrùn ẹlẹ́ran wá fún mi." Sìfáwù á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, á ní torí tiwọn lòun ṣe kọ̀ tí òun ò kú, pé òun ń fi ẹ̀mí gígùn dí wọn lọ́wọ́ ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọjọ́ àdúrà tí eré náà ń fi hàn. Àwọn tó mú un lọ sẹ́wọ̀n kọ́ ọ ní kíkó ẹnu níjàánu, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Àǹtí Múníra ló sọ ìyókù fún Sìfáwù, ní kékeré rẹ̀, nígbà tó bá ń di irun fún un. Pé Lèmọ́mù wáàsí Jímọ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń wáàsí. Pé àwọn ẹ̀ṣọ́ jókòó sí sàfù iwájú. Pé nígbà tó dé ibi tí wọ́n ní kó ti dárúkọ Olùtọ́jú, kò dá a. Kò bú u, kò gégùn-ún. Ó kàn dákẹ́. Ó dákẹ́ títí àwọn ọmọ ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó sì kí àwọn èèyàn nírun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà kírun lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dúró kó parí, wọ́n sì mú un lọ. Oyún Sìfáwù ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti ń sáré kiri kí bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ rí i.

Àwọn tó tún wà ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà tó lè rántí ti kú tán. Ó ku Àǹtí Múníra.

"Àǹtí mi," Lásísì wí nísinsìnyí, "ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yọ̀ǹda ojú àti ohùn Àfáà fún eré, wọ́n di ẹni ìran. Ẹni ìran ní ilẹ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́ kí n tó wá. Ibì kan wà lẹ́bàá òkè, ẹ lè máa rí i láti ojú fèrèsé yìí. Ká tó kírun màgàríbì, a ti sin wọ́n bó ṣe tọ́."

"Bí mi ò bá yọ̀ǹda ńkọ́?"

Lásísì wo àpótí. Àpótí ló dáhùn fún un: "Ilé Omi."

"Yọ̀ǹda!" Àǹtí Múníra fọwọ́ gbá ilẹ̀. "Kí lò ń rò? Òkú ò mọ eré! Ilẹ̀ ló mọ̀! Ìgbà tí málàíkà bá dé tó fẹ́ bi wọ́n léèrè, ṣé inú páìpù ni yóò máa wá wọn kiri?"

"Àǹtí, wọ́n á ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn ò sọ."

"Awò ló máa sọ ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́."

Sìfáwù yíjú sí Lásísì. "Tí a bá ní kí wọ́n fi ojú wọn hàn bó ṣe rí gan-an ńkọ́? Kí wọ́n gun mínbárì, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Mo máa yọ̀ǹda ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà."

Lásísì mi orí. Ó rẹ̀ ẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. "Mo ti bẹ̀ wọ́n fún ìyẹn, Àǹtí mi, ẹ má rò pé mi ò bẹ̀ wọ́n. Wòlíì Adéyọ̀kúnnù tó gégùn-ún fún Olùtọ́jú, ṣé kò sí nínú eré? Ó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń hó lé e lórí lọ́dọọdún, inú ìjọba sì dùn. Ẹni tó bú wọn, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí. Ẹni tó dákẹ́ ni wọn ò rí ibi fi sí. Ọ̀gá wa ní bí a bá fi í hàn báyẹn, olúkúlùkù ará ìlú á máa ro tirẹ̀ sí i."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń rò sí i?"

"Àfáà ló kọ́ mi ní Fátíhà," Lásísì wí. "Mo fẹ́ kí ìlú fẹ́ràn wọn. Ní báyìí, ọrùn lásán ni wọ́n. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ wọ́n. Bí ojú wọn bá jáde, gbogbo ayé á fẹ́ràn wọn títí láé. Ṣé ìyẹn ò dára ju kí wọ́n di nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò rántí?"

Ohun tó dun Sìfáwù jù ni pé ọkùnrin náà gbà á gbọ́. Ká ní ó wá halẹ̀ mọ́ wọn ni, ì bá rọrùn.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó ti àpótí. Wọ́n jáde sí àgbàlá. Ó nu ìrì kúrò lára gíláàsì, ìrì tún bò ó, ó tún nù ún. Tísà ìtàn ni Sìfáwù. Láti ọdún mélòó kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé ní *Ọjọ́ Àdúrà Kan* nítorí ìdánwò, bó bá sì délé, tí bàbá rẹ̀ bá bi í pé kí ni wọ́n kọ́ lónìí, á ní ẹ̀kọ́ nípa òjò ni. Bàbá á ní, "Òjò dára." Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sì bínú sí i rí, ìyẹn ló sì ń gún un láyà.

Kí lẹ fẹ́, Bàbá? Ó bi òkú náà léèrè. Ó ronú nípa ẹ̀wọ̀n tí bàbá rẹ̀ ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Bí òun bá yọ̀ǹda, òun ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Ó tún ronú nípa oko ẹ̀gẹ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè, nípa páìpù dúdú tó ń ti Ilé Omi wá síbẹ̀. Gààrí ìlú ni wọ́n ń jẹ. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun á bu omi sí gààrí, òun á sì mu ún, òun ò sì ní mọ̀.

Níkẹyìn, ó fi ọ̀rọ̀ kan tu ara rẹ̀ nínú. Eré á purọ́, ó dáa, kó purọ́. Àǹtí Múníra wà níbẹ̀, ó sì mọ̀. Èmi náà mọ̀ láti ẹnu Àǹtí. Èèyàn méjì tó láti fi òtítọ́ pamọ́ sí, títí ìjọba yìí náà yóò fi kọjá lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àláásárì, ó pè wọ́n wọlé. Àpótí bi í bí òfin ṣe ní kó bi í: "Ìwọ ọmọ olóògbé, ṣé o yọ̀ǹda ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀?"

"Mo yọ̀ǹda," Sìfáwù wí.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí wẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, Lásísì ló ń bu omi. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n gbé e lọ sẹ́bàá òkè. Àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wọn gìrìgìrì, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ò rí i rí kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún èèyàn. Wọ́n ń bèèrè bóyá ó máa hù. Sìfáwù dúró lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ sí i, ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì sunkún dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ẹkún tó ní ìtura nínú. Àǹtí Múníra gbá a mọ́ra. "O ṣe é," ó ń wí. "Ọmọ mi, o ṣe é. Wọ́n ti wọlẹ̀."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kírun màgàríbì tán tí ògiri fi tàn. Ọ̀sẹ̀ ọdún Olùtọ́jú ni, Awò kì í sì í fi nǹkan falẹ̀.

Èkó wọ omi. Àwọn èèyàn gun òkè. Wòlíì gégùn-ún, ariwo àwọn ọmọdé sì ń ti ilé kejì wá. Lẹ́yìn náà, mọ́ṣáláṣí ńlá, láwàní, ọrùn, èjìká. Ọrùn náà ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Lèmọ́mù Búráímọ̀ yí padà, ó sì kọjú sí wọn.

Wọ́n ti dá ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ padà fún un, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n òun ni, òun gan-an ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ìwọ tí Ọlọ́run fi rẹ̀ mí lẹ́kún," ó wí, "kí Ó dá ọ sí. Kí Ó má fi ọ́ dán mi wò. Olùtọ́jú wa, kí n má fi ojú mi sunkún rẹ láéláé."

Igbe ta jáde lẹ́nu Sìfáwù. Wọn ò kọ àdúrà yìí fún un. Ti òun ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, láti ìgbà tó ti ti ẹ̀wọ̀n dé, bàbá rẹ̀ máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì gbà á fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, àwọn méjèèjì nìkan, àti ọ̀já tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àárọ̀ yìí pàápàá, ó gbà á. Wọ́n kàn yọ orúkọ Sìfáwù kúrò, wọ́n sì fi ti Olùtọ́jú rọ́pò rẹ̀ ni.

"Àmín," ìlú dáhùn, láti ògiri dé ògiri.

"Àmín," Àǹtí Múníra wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sìfáwù wò ó. Ìyá àgbàlagbà náà ti sún mọ́ ògiri, ìmọ́lẹ̀ eré ń tàn sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín omijé.

"Àǹtí," Sìfáwù wí, "ẹ rántí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹ ní wọ́n dákẹ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀! Láàárọ̀ yìí gan-an! Ẹ ní etí yín lẹ fi gbọ́ ọ!"

Àǹtí Múníra ò kúkú wo ẹ̀yìn. Lórí ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún wúkọ́ díẹ̀, ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó ti pẹ́, Sìfáwù. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwa obìnrin wà, àwọn ọmọ ń ké. Bóyá wọ́n sọ ọ́, tí mi ò gbọ́." Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan irùngbọ̀n dúdú náà lára ògiri. "Wò wọ́n. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ṣé kí n máa bá ohùn ẹ̀gbọ́n mi jiyàn ni?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́," ni Àǹtí Múníra wí, tìfẹ́tìfẹ́, bí èèyàn ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Dákẹ́, kí n gbọ́ wọn."